Fàdákà Tí Ojú Kò Rí

Lọ́dún tí mò ń wí yìí, màmá mi ṣì wà láyé. Ó ti lé lọ́gọ́rin ọdún, eyín kan ṣoṣo ló kù fún un níwájú, òun náà ló sì fi ń dẹ́rìn-ín pa gbogbo àdúgbò. Bàbá tó ń ṣọ́ géètì níbi iṣẹ́ wa wà láyé, aláwàdà tí kì í jẹ́ kí ọ̀rọ̀ kọjá lára òun. Ọkùnrin tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ náà wà láyé, ara rẹ̀ dá ṣáṣá, ṣùgbọ́n mi ò tíì mọ̀ ọ́n.

Ọkọ mi ni kò sí mọ́. Ó ti pé ọdún mẹ́fà tó ti kú, lẹ́yìn àìsàn ọdún mẹ́ta tí èmi nìkan fi ọwọ́ ara mi tọ́jú.

Ẹni ọdún mẹ́rìnléláàádọ́ta ni mí nígbà náà. Ọmọ kan ṣoṣo ni mo bí, ọkùnrin, tíṣà ni. Ọdún yẹn gan-an ni ìyàwó rẹ̀ bí ọmọ wọn àkọ́kọ́, obìnrin, ni èmi náà bá di ìyá àgbà. Mo ti gbà pé ohun tó kù fún mi kò ju kí n máa gbálẹ̀ lọ, kí n máa gbé ọmọ-ọmọ jó lọ́jọ́ Sọ́ńdè, títí ilẹ̀ yóò fi ṣú bá mi.

Ilé ìwádìí kan ni mo ti ń gbálẹ̀, ilé alájà mẹ́ta. Ìsàlẹ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ fi mí sí. Nígbà tí obìnrin tó ń gbá òkè fẹ̀yìn tì, wọ́n ní kí n bọ́ sókè. Mọ́ńdè tí mo kọ́kọ́ gòkè yẹn ni ọ̀rọ̀ wa bẹ̀rẹ̀.

Yàrá náà mọ́ tónítóní. Tábìlì gígùn kan wà láàárín, wọ́n sì to ike pẹlẹbẹ sórí rẹ̀, ike tó mọ́ gaara bí omi, ọ̀kọ̀ọ̀kan tóbi tó ojú ìwé ọmọ iléèwé. Mo tẹ̀ ba, mo wò wọ́n láti ẹ̀gbẹ́. Mo rí nǹkan kan lórí wọn tó ṣú díẹ̀, bí èémí ẹnu lára dígí.

Mo ní, "Ìdọ̀tí rèé." Mo po omi ọṣẹ, mo mú aṣọ ìnu-nǹkan, mo nù wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, iwájú àti ẹ̀yìn. Ogójì ni wọ́n. Inú mi dùn sí ara mi.

Ibi tí mo ti ń fún aṣọ náà ni ọkùnrin kan ti wọlé. Ó ga, ó tẹ́ẹ́rẹ́, irun orí rẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ funfun tán. Ó ń rìn bí ẹni tí kò fẹ́ jí ilẹ̀ lójú oorun.

"Ẹ káàárọ̀, màmá."

"Ẹ káàárọ̀, sà."

Ó wo tábìlì. Ó wo aṣọ tó wà lọ́wọ́ mi. Ó tún wo tábìlì.

"Ẹ ti nù wọ́n?"

"Mo ti nù wọ́n, sà. Wọ́n dọ̀tí tẹ́lẹ̀ ni. Ẹ wò ó bí wọ́n ṣe ń dán."

"Gbogbo ẹ̀?"

"Gbogbo ẹ̀ ni, sà. Mi ò fo ọ̀kan."

Ó jókòó. Ó mú mítà kékeré kan tó ní ẹsẹ̀ irin méjì, ó gbé ẹsẹ̀ méjèèjì lé orí ike kan. Kò sí ohun tó ṣẹlẹ̀. Ó gbé e lé òmíràn. Kò sí nǹkan kan. Nígbà tó dé orí ìkẹfà, ó fi mítà sílẹ̀, ó sì rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tí kò lóhùn.

"Iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ mẹ́ta," ni ó wí.

Ó nawọ́ sí ìwé kan tí wọ́n lẹ̀ mọ́ etí tábìlì. "Màmá, ẹ ò rí ìwé yìí ni?"

Mo kọjú sí ìwé náà. "Mo rí i, sà."

Ojú mi ló ń wò. Ojú ẹni tó ń kàwé a máa rìn. Tèmi dúró sójú kan bí ọ̀pá. Ó yé e. Mo mọ̀ pé ó yé e, ìtìjú sì bò mí ju ìbẹ̀rù lọ.

A ń gbọ́ bàtà lórí àtẹ̀gùn. Ọ̀gá wa ló ń bọ̀. Dókítà là ń pè é, obìnrin ni, kì í ṣe dókítà abẹ́rẹ́, dókítà ìwé ni. Ọkùnrin náà na ọwọ́, ó já ìwé yẹn kúrò létí tábìlì, ó ká a, ó fi sápò.

Dókítà wọlé, ó figbe ta. "Ta ló ba iṣẹ́ yìí jẹ́?"

"Èmi ni," ni ọkùnrin náà wí. "Mi ò lẹ ìwé ìkìlọ̀ sí i. Báwo ni wọ́n ṣe fẹ́ mọ̀?"

Dókítà bá a wí bí ẹni bá ọmọdé wí, lójú mi, àgbàlagbà ẹni ọdún méjìdínlọ́gọ́ta. Èmi ò lè la ẹnu mi. Mo gbé bákẹ́ẹ̀tì mi, mo jáde.

Nígbà tí mo dé lọ́jọ́ kejì, ìwé mìíràn ti wà níbẹ̀. Kò sí ọ̀rọ̀ kankan lórí rẹ̀. Ó ya aṣọ ìnu-nǹkan, ó fa ìlà dá a lẹ́bùú. Ó ya ọwọ́, ó fa ìlà dá òun náà lẹ́bùú. Ó wá ya ojú kan, kò fa ìlà kankan sí i.

Àwọn ọ̀dọ́ tó ń bá wọn ṣiṣẹ́ ń rẹ́rìn-ín. Ọ̀kan ní, "Ọ̀gá Jẹ́jẹ́, ṣé iléèwé jẹ́lé-ó-sinmi la wà ni?"

Ó ní, "Ẹ̀yin ọ̀mọ̀wé yìí, ta ló ń kàwé tí wọ́n bá lẹ̀ mọ́ nǹkan nínú yín? Ẹ jẹ́ kí n ya àwòrán mi."

Kò wo ibi tí mo wà. Ṣùgbọ́n èmi mọ ẹni tó ya àwòrán náà fún. Láti ìgbà tí wọ́n ti bí mi, kò sí ẹni tó bo àṣírí mi tó sì ṣe bí ẹni tí kò ṣe nǹkan kan.

Mo dúró títí àwọn yòókù fi jáde. Mo ní, "Sà, kí ni mo nù kúrò lánàá?"

"Fàdákà ni."

"Fàdákà wo? Mi ò rí fàdákà kankan, sà."

"Èmi náà kì í rí i," ni ó wí. "Ẹ fa irun kan yọ lórí yín. Tí a bá ní irun yẹn jẹ́ ìtì igi ńlá, okùn fàdákà tí à ń wí yìí kò ju fọ́nrán òwú lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀. Inú omi la máa ń pò ó sí."

Ó fi hàn mí. Omi inú ìgò náà dúdú díẹ̀ bí omi tí wọ́n fi ṣan ìkòkò. Ó tẹ́ ike tuntun, ó kán omi náà sí etí rẹ̀ kan, ó gbé ọ̀pá irin tẹ́ẹ́rẹ́ kan lé e, ó di orí ọ̀pá méjèèjì mú. Ó mí kanlẹ̀, ó sì fa ọ̀pá náà wá sọ́dọ̀ ara rẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀, kò mí títí ó fi dé òpin.

Ó ní, "Tí o bá sáré, yóò nípọn níbì kan, yóò fẹ́lẹ́ níbì kan. Tí o bá lọ́ra jù, yóò gbẹ mọ́ ọ lọ́wọ́." Ibẹ̀ ni orúkọ Jẹ́jẹ́ ti wá.

Nígbà tó gbẹ, ike náà mọ́ gaara bí ẹni pé wọn ò ṣe é ní nǹkan kan. Ó so wáyà mọ́ etí méjèèjì, ó so gílóòbù kékeré kan mọ́ ọn. Gílóòbù tàn.

"Yéè!" Mo bọ́ sẹ́yìn. "Iná ń gba ibi tí kò sí nǹkan kan kọjá!"

"Nǹkan wà níbẹ̀. Àwọn okùn yẹn fẹsẹ̀ kọ́ra bíi koríko gbígbẹ tí wọ́n fọ́n sílẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ ń gba àlàfo àárín wọn, iná ń gba orí wọn. Ojú fóònù tó máa ń mọ̀ pé ìka kàn án, irú ẹ̀ ló wà níbẹ̀. Tiwa, a fẹ́ kó ṣeé ká bí aṣọ."

Bí a ṣe di ọ̀rẹ́ nìyẹn. Tó bá di agogo mọ́kànlá, a máa ń jókòó sí àtẹ̀gùn ẹ̀yìn, a ó mu tíì, òun a gé búrẹ́dì rẹ̀ sí méjì. Ìyàwó rẹ̀ ti kú láti bí ogún ọdún, kò fi ọmọ sílẹ̀. Ó ń sọ̀rọ̀ bó ṣe ń fa ọ̀pá, díẹ̀díẹ̀, kì í já a láàárín.

Bàbá géètì kò jẹ́ kó kọjá. "Ìyá onígbálẹ̀, tíì yẹn mà ń pẹ́ kó tó tutù o!"

"Ẹ gbájú mọ́ géètì yín, Bàbá."

"Géètì ni mò ń wò. Ẹ̀yin lẹ̀ ń gbà á wọlé lẹ́rìn-ín lẹ́rìn-ín."

Lẹ́yìn bí ọdún kan, a wà lórí àtẹ̀gùn yẹn lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó gbé kọ́ọ̀bù rẹ̀ sílẹ̀.

"Ọ̀rẹ́ mi, mo fẹ́ràn rẹ."

"Ẹ má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, sà. Ẹni tó ń lọ sí ọgọ́ta ọdún. Ṣé ẹ lo oògùn yín láàárọ̀ yìí?"

"Mi ò lo oògùn kankan. Jọ̀wọ́, fi 'sà' yẹn sílẹ̀. Mo fẹ́ kí á jọ máa gbé, kí n fẹ́ ọ, kí gbogbo ayé mọ̀. Mi ò fẹ́ kí o dáhùn lónìí."

Ojú mi ṣú. Ayọ̀ ni, ẹ̀rù ni, mi ò mọ èwo ló pọ̀ jù. Obìnrin tó ti gbé ara rẹ̀ sí kọ̀rọ̀ bí ìgbálẹ̀, kí ẹnìkan wá sọ pé òun fẹ́ràn rẹ̀ ní ọ̀sán gangan!

Màmá mi ni mo kọ́kọ́ sọ fún. Ó ní, "Ṣé eyín rẹ̀ pé?"

"Ó pé, Màmá."

"Ó dáa. A ó rí ẹni máa bá wa jẹ egungun nínú ilé yìí." Lẹ́yìn náà ó di ọwọ́ mi mú. "Ọmọ mi, ṣé ó ń jẹ́ kí o sọ̀rọ̀ tán kó tó dáhùn?"

"Ó máa ń dúró, Màmá."

"Fẹ́ ẹ."

Ọmọ mi ló le. Kò bínú lọ́jọ́ tí mo sọ fún un, ó kàn ní òun fẹ́ rí ọkùnrin náà. A pè é wá sílé ní Sọ́ńdè kan. Jẹ́jẹ́ wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun, ó kí màmá mi, ó bá ọmọ-ọmọ mi ṣeré. Mo gbé tíì fún un nínú kọ́ọ̀bù tó ní àwo lábẹ́.

Bó ṣe gbé e, kọ́ọ̀bù bẹ̀rẹ̀ sí í lu àwo. Taa-taa-taa-taa. Ó yára gbé e lé tábìlì, ó fi ọwọ́ òsì di ọ̀tún mú, ó ń bá ọ̀rọ̀ lọ. Èmi ṣe bí ẹni tí kò gbọ́. Mo ti gbọ́ ọ rí.

Nígbà tó lọ tán, ọmọ mi ní, "Màmá, ẹ rí ọwọ́ rẹ̀?"

"Ó ti rẹ̀ ẹ́ ni."

"Kò rẹ̀ ẹ́. Ọ̀gá iléèwé wa tẹ́lẹ̀ ní irú àìsàn yìí. Ó bẹ̀rẹ̀ láti ọwọ́, ó dé ẹsẹ̀, ó dé ahọ́n. Kì í lọ, Màmá, pípọ̀ ló ń pọ̀ sí i."

Mo ń kó kọ́ọ̀bù kúrò lórí tábìlì.

"Ọdún mẹ́ta ni ẹ fi gbé Bàbá mi sókè, tí ẹ gbé e sílẹ̀. Mo wà nínú ilé. Mo rí bí ẹ̀yìn yín ṣe tẹ̀. Bàbá dì mí lọ́wọ́ mú kó tó kú, ó ní, 'Má jẹ́ kí ìyà jẹ ìyá rẹ mọ́.' Ẹ wá fẹ́ kí n jókòó, kí ẹ tún lọ bẹ̀rẹ̀ òmíràn?"

"Ọmọ mi…"

"Tí ẹ bá fẹ́ ẹ, mi ò ní í wá síbẹ̀. Ọmọ mi náà ò ní í wá síbẹ̀. Mi ò ní í fojú mi rí i lẹ́ẹ̀mejì."

Ó gbé ọmọ rẹ̀, ó lọ. Ọmọdé náà ń juwọ́ sí mi láti èjìká bàbá rẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì mo bá Jẹ́jẹ́ nínú yàrá òkè. Òun nìkan ló wà níbẹ̀. Ike méjìlá wà níwájú rẹ̀, ó fi mítà kàn wọ́n, ó ń mi orí.

"Ìgbà wo ló ti bẹ̀rẹ̀?" ni mo bi í.

Kò díbọ́n. "Oṣù mẹ́rin. Mo ti lọ sí ilé ìwòsàn. Ohun tí ọmọ rẹ rò náà ni. Mo rí i lójú rẹ̀ pé ó mọ̀."

"O ò sì sọ fún mi."

"Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni. Wò ó." Ó gbé mítà lé apá òsì ike kan, ó kọ nọ́ńbà kékeré, ó gbé e lé apá ọ̀tún, nọ́ńbà náà di ìlọ́po mẹ́ta. "Ọwọ́ ọ̀tún mi ló ń tú fàdákà ká. Dókítà rò pé omi inú ìgò ló bàjẹ́. Ó ti da ìgò mẹ́fà nù, ìgò tí kò ní àbùkù kankan, mo sì dúró tì í, mò ń wò ó. Èmi tí mi ò purọ́ rí, àfi èyí tí mo pa nítorí rẹ."

Omi ń bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní, "Ọ̀rẹ́ mi, mo gba ọ̀rọ̀ mi padà. Padà sọ́dọ̀ ọmọ rẹ. Òótọ́ ló sọ, o ti ṣe tìrẹ."

Inú bí mi. Inú mi ò bàjẹ́, bíbí ló bí mi. "Ta ló fún ọ láṣẹ kí o gbà á padà? Ṣé ike ni mí tí o fẹ́ nù nù?"

"Ọ̀rẹ́ mi…"

"Gbé ọ̀pá yẹn."

Mo wọ ìbọ̀wọ́. Mo dúró sí ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀, mo di orí ọ̀pá kan mú, mo ní kó fi ọwọ́ òsì rẹ̀ di èkejì. Ó kán omi fàdákà náà.

"Mí," ni ó wí.

Mo mí.

"Ó yá."

A fà á. Èyí àkọ́kọ́ wọ́, ìkejì wọ́. Ní ìkẹta, èjìká mi wà lára èjìká rẹ̀, mo ń gbọ́ bí àyà rẹ̀ ṣe dúró tí kò mí, tèmi náà dúró, ọ̀pá ń bọ̀ wálẹ̀, kò yà sọ́tùn-ún, kò yà sósì. Nígbà tó gbẹ, ó wọ̀n ọ́n ní òsì, ó wọ̀n ọ́n láàárín, ó wọ̀n ọ́n ní ọ̀tún.

Nọ́ńbà kan náà ni.

Ó wò mí. Mi ò lè sọ bí ojú rẹ̀ ṣe rí. Mo mọ̀ lọ́jọ́ náà pé mi ò ní í kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkùnrin yìí àyàfi bí ikú bá yà wá.

Mo ní kó lọ jẹ́wọ́ fún Dókítà. Ó lọ. Mo gbọ́ ohùn obìnrin náà láti ìsàlẹ̀ ilé: "Ìgò mẹ́fà! Ìgò mẹ́fà, Ọ̀gá Jẹ́jẹ́!" Ṣùgbọ́n nígbà tó gòkè wá, tó wọn ike náà fúnra rẹ̀, ó yíjú sí wa.

"Ta ló bá yín fà á?"

"Èmi ni, mà."

"Ẹ tún un fà kí n rí i."

A fà á. Ó tún wọ̀n ọ́n. Ó ní, "Hẹn. Ta ni yóò wá máa gbálẹ̀ báyìí?"

Wọ́n wá ẹlòmíràn. Èmi àti Jẹ́jẹ́ la jọ ń fa ọ̀pá láti ọjọ́ náà.

Ṣùgbọ́n ọmọ mi kò wá. Oṣù kan, kò wá. Oṣù kejì, kò wá. Ìyàwó rẹ̀ ló yọ́ sọ fún mi lórí fóònù pé ọmọ ti ń rìn. Ọmọ-ọmọ mi gbé ẹsẹ̀ àkọ́kọ́, mi ò sí níbẹ̀. Mo sunkún títí ojú mi fi wú. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í rò ó pé bóyá kí n jáwọ́. Jẹ́jẹ́ kò rọ̀ mí sí ìhín, kò rọ̀ mí sí ọ̀hún. Ó kàn ń gé búrẹ́dì rẹ̀ sí méjì.

Màmá mi ló ránṣẹ́ pe ọmọ mi. Ó wá nítorí pé kò lè kọ̀ fún ìyá àgbà rẹ̀. Mo wà ní yàrá kejì, mo ń gbọ́.

"O ní o ò fẹ́ kí ìyà jẹ ìyá rẹ," ni màmá mi wí.

"Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá àgbà."

"O ṣeun, ọmọ rere ni ọ́. Tó bá jí láàárọ̀, ta ló ń bá a sọ̀rọ̀?"

"Ẹ̀yin, mà."

"Èmi ń kú lọ. Lẹ́yìn mi ńkọ́?"

Mo gbọ́ tí ọmọ mi sún àga.

"Ṣé ìwọ ni yóò máa ti iléèwé sáré wá bi í bóyá ó sùn dáadáa? Má bínú o. Ìyà tí o rí náà ni o mọ̀. Èyí tí kì í fara hàn, òun ló ń pa ìyá rẹ láti ọdún méje."

Ó jáde láìwo ibi tí mo wà. Lọ́jọ́ kẹta, Wẹ́sìdeè ni, ó wá sí ibi iṣẹ́ wa. Bàbá géètì sọ fún mi lẹ́yìn náà pé ojú rẹ̀ le bí ẹni tó fẹ́ jà. Ó gòkè. Gíláàsì wà lára ilẹ̀kùn yàrá wa. Ó dúró síbẹ̀, mi ò mọ̀. A wà láàárín ìfà kan. Nígbà tí ọ̀pá dé òpin tí mo mí sílẹ̀, mo gbójú sókè, mo rí ọmọ mi.

Ó wọlé. Ohun tó kọ́kọ́ sọ ni pé, "Màmá, ìgbà wo lẹ kọ́ èyí?"

"Ní oṣù mẹ́ta tí o ò wá."

Jẹ́jẹ́ bọ́ ìbọ̀wọ́ rẹ̀, ó pẹ́ kó tó bọ́ ọ tán. "Ọmọ mi, káàbọ̀."

"Ẹ má pè mí lọ́mọ yín."

"Ó dáa, Tíṣà. Òótọ́ lo sọ lọ́jọ́ yẹn. Ọwọ́ yìí yóò burú sí i. Mo ti sọ fún un kó padà sọ́dọ̀ rẹ, kò gbọ́. Bóyá ìwọ á lè bá a sọ ọ́."

Àwọn méjèèjì wá kọjú sí mi.

Mo ní, "Ọmọ mi, nígbà tí mò ń tọ́jú bàbá rẹ, ta ló bi mí bóyá mo fẹ́? Kò sẹ́ni tó bi mí. Iṣẹ́ ìyàwó ni, mo ṣe é, mi ò kábàámọ̀, mo fẹ́ràn bàbá rẹ. Ti èyí yàtọ̀. Mo rí àìsàn náà kí n tó wọlé. Ojú mi là sílẹ̀ kedere. Bó bá jẹ́ ọdún méjì péré ni mo máa fi gbọ́ ohùn rẹ̀ láàárọ̀, mo fẹ́ ẹ. Ṣùgbọ́n tí o bá ní kí n yan láàárín ìwọ àti òun, o ti pa mí, nítorí mi ò lè yàn."

Ọmọ mi mú ike kan lórí tábìlì láti etí, bí ẹni mú ẹyin, ó gbé e sókè sí fèrèsé, ó wò ó títí. Mi ò mọ ohun tó ń wá níbẹ̀.

Ó gbé e sílẹ̀. Ó ní, "Ọjọ́ wo ni kọ́ọ̀tù?"

Ọjọ́bọ̀ kan la lọ ṣègbéyàwó. Màmá mi wá, Dókítà wá, Bàbá géètì ṣe ẹlẹ́rìí wa, ó sì ní kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ pé òun ló kọ́kọ́ mọ̀. Ọmọ mi wá pẹ̀lú ìyàwó àti ọmọ. Kò jókòó. Ó gbé ọmọ rẹ̀ dúró sí ẹnu ọ̀nà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, bí ẹni tó lè lọ nígbàkúùgbà. Ṣùgbọ́n kò lọ.

Nígbà tó kan ká fọwọ́ síwèé, mo fi ìka tẹ̀ ẹ́. Jẹ́jẹ́ mú bírò, bírò ń jó lórí ìwé. Akọ̀wé ní, "Bàbá, ẹ fi ìka tẹ̀ ẹ́ bíi tìyàwó."

Ojú tì í. Mo rí i lára etí rẹ̀. Mo tẹnu bọ̀ ọ́ létí, mo ní, "Àyànfẹ́ mi, tẹ ìka rẹ, kí tiwa lè bára mu." Ó rẹ́rìn-ín, ó tẹ ìka rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ tèmi.

Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, wọ́n gbé ẹ̀rọ ńlá wá. Ó ń tú ike láti ara róòlù kan, ó ń ká a sí ara òmíràn, fàdákà ti wà lórí rẹ̀ kí tíì èèyàn tó tutù. Wọn ò nílò ọ̀pá mọ́. A kó ìbọ̀wọ́ wa, a padà sílé. Màmá mi kú lójú oorun ní ọdún kẹta, ó ti bá Jẹ́jẹ́ jẹ egungun tó pọ̀.

Àìsàn náà ṣe bí ọmọ mi ṣe wí. Ó dé ẹsẹ̀, ó dé ahọ́n. Ṣùgbọ́n ìgbà tí ohùn ṣì wà, a ń sọ̀rọ̀ láràárọ̀. Ìwé díẹ̀ tí mo mọ̀ yìí, òun ló kọ́ mi. Èmi a di bírò mú, òun a di ọwọ́ mi mú, lẹ́tà wa a sì wọ́ bí ejò tó mutí yó.

Ọmọ mi máa ń wá lẹ́ẹ̀kan lóṣù, á kí wa, á sì lọ. Lọ́dún karùn-ún, ó bá wa ní ọjọ́ kan, ó rí ẹ̀jẹ̀ ní àgbọ̀n Jẹ́jẹ́.

"Ta ló fá irùngbọ̀n yìí?"

"Èmi ni. Ojú mi ò ríran dáadáa mọ́."

"Màmá, ṣé ẹ fẹ́ dúńbú bàbá olóbàbá ni? Ẹ gbé réésà yẹn wá."

Láti ọjọ́ náà, kò sí Sátidé tí kò wá. Tí ọmọdé bá wà pẹ̀lú rẹ̀, á jókòó sẹ́sẹ̀ bẹ́ẹ̀dì, á máa ka nǹkan fún wọn. Ọmọ mi á po fóòmù, á fi sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀, á máa ròyìn àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ bó ṣe ń fá a. Jẹ́jẹ́ kò lè sọ̀rọ̀ púpọ̀ mọ́, á máa fi ojú rẹ́rìn-ín. Ọmọ mi kò pè é ní bàbá rí. Ọ̀gá ló ń pè é. "Ọ̀gá, ẹ gbé àgbọ̀n sókè. Ọ̀gá, ẹ má rẹ́rìn-ín o, màá gé yín."

Ọdún kẹjọ ìgbéyàwó wa ni. Sátidé ni, agogo mẹ́wàá ku díẹ̀. Mo wà ní ilé ìdáná, mò ń se omi tíì. Mò ń gbọ́ ohùn ọmọ mi láti yàrá, ó ń sọ nípa ọmọ kíláàsì rẹ̀ kan tó kọ gbogbo ìdáhùn sí àtẹ́lẹsẹ̀ tó wá gbàgbé bọ́ bàtà. Mo ń rẹ́rìn-ín níbi tí mo wà.

Nígbà tó yá, mi ò gbọ́ ọ mọ́. Mo rò pé ọ̀fun ni réésà dé, nítorí kì í sọ̀rọ̀ tó bá dé ọ̀fun.

Omi hó. Mo bu tíì, mo gbé e wọlé.

Jẹ́jẹ́ fara ti ìrọ̀rí bí ó ṣe máa ń ṣe. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọ̀tún rẹ̀ mọ́ tónítóní. Fóòmù ṣì wà lára ti òsì, ọmọ mi sì ń fá a, ó ń fá a, omi ń dà lójú rẹ̀, ó ń kán sórí táwẹ̀lì. Ọwọ́ Jẹ́jẹ́ méjèèjì wà lórí aṣọ ìbora. Wọn ò gbọ̀n mọ́.

Mo gbé kọ́ọ̀bù sílẹ̀, mo fẹ́ sún mọ́ ọn.

Ọmọ mi kò wo ẹ̀yìn. Ó ní, "Ẹ dúró, Màmá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dúró díẹ̀. Ó kù díẹ̀ kí n ṣe tán."

Mo dúró. Ó fá a tán. Ó rẹ aṣọ nínú omi lílọ́wọ́ọ́wọ́, ó nù ún ní ẹ̀rẹ̀kẹ́, ó nù ún lábẹ́ àgbọ̀n, ó nù ún lẹ́yìn etí. Ìgbà náà ló tó dìde, tó fún mi ní àga.